Dókítà Orí Fóònù àti Àìsàn Tí Ìtìjú Ń Bò Mọ́lẹ̀

Ọmọ ọdún 19 ni Monica Seles, òun ló sì wà ní ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn obìnrin tó ń gbá tẹníìsì lágbàáyé, nígbà tí ọkùnrin kan yọ́ wá sí etí pápá ní ìlú Hamburg, ní Jámánì, tó sì gún un lọ́bẹ lẹ́yìn. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993 ni. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ó ju ọdún méjì lọ kí Seles tó padà sórí pápá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àìsàn jẹjẹrẹ ń bá bàbá rẹ̀ fínra, bàbá tó tún jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ nídìí tẹníìsì. Ọmọbìnrin tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní kọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Yóò jẹ, yóò tún jẹ, kò sì ní lè dúró. Ìgbà tó kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní ọdún 2009 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ti ń bá yí láti ọjọ́ yìí wá.

Kì í ṣe wọ̀bìà. Àìsàn ni, binge eating disorder ni àwọn oníṣègùn ń pè é, àìsàn àjẹkì ni a ó sì máa pè é níhìn-ín. Dókítà Albert Stunkard, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1959, síbẹ̀ ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó fún un ní àyè tirẹ̀ nínú DSM-5, ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Ohun tí ìwé náà sọ yé ènìyàn dáadáa. Ẹni náà máa ń jẹ oúnjẹ tó pọ̀ ju èyí tí ẹlòmíràn lè jẹ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, kò sì ní ní agbára láti dá ara rẹ̀ dúró. Ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́ta. Ó lè máa sáré jẹ ẹ́, kí ó máa jẹ nígbà tí ebi kò pa á, kí ó jẹ títí ikùn yóò fi máa dùn ún, kí ó máa dá jẹ nítorí ojú ń tì í, kí ó sì kórìíra ara rẹ̀ lẹ́yìn tó bá jẹ tán; bí dókítà bá rí mẹ́ta nínú márùn-ún yìí, ó ti tó. Kì í fi ìka kan ọ̀fun láti bì í, kì í sì í lo oògùn ìyàgbẹ́ láti fi lé e jáde. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí bulimia, àìsàn ìjẹun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo obìnrin kan, nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ní Houston. Ó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti jáde, àwọn ọmọ ti wà ní ilé ìwé. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n dì fún un ní òde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé wà nínú fíríìjì, nínú abọ́ fóìlì. Kò gbé e kaná. Orí ìdúró ló wà tó fi ọwọ́ jẹ ẹ́ tán, ilẹ̀kùn fíríìjì ṣì wà ní ṣíṣí. Ó kan búrẹ́dì. Ó kan ẹran díndín tó yẹ kí wọ́n fi jẹun alẹ́. Ó kan kọnfulẹ́ẹ̀kì àwọn ọmọ, kò bu mílíìkì sí i, inú páálí ló ti ń bù ú sẹ́nu. Nígbà tí kò lè tẹ̀ mọ́, ó kó fóìlì, ọ̀rá búrẹ́dì àti páálí sínú àpò dúdú, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ jù ú sínú garawa ìdọ̀tí ilé epo kan lójú ọ̀nà. Ó ra búrẹ́dì mìíràn bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ti àkọ́kọ́. Ó mọ̀ nípa ara ènìyàn ju ọ̀pọ̀ wa lọ, iṣẹ́ tó ń ṣe ni. Kò tíì sọ èyí fún dókítà kankan rí.

Láàárín àwa Yorùbá, ibi tí àìsàn yìí lè sá pamọ́ sí pọ̀. Ẹni tó bá sanra, a ó ní ara tù ú, owó ń wọlé, ọkọ ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ lóde, a ó ní ó ń gbéra ga, tàbí pé kò fọkàn tán ẹni tó ni ìnáwó. Tí ara náà bá wá ju ohun tí ojú fẹ́ rí lọ, ọ̀rọ̀ á yí padà, wọ̀bìà ni wọn yóò máa pè é lẹ́yìn, ẹlòmíràn á ní àdúrà ló kù, ẹlòmíràn á ní kí ó lọ mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá ó ń dá jẹun nígbà tí ilé bá dá. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àìsàn yìí ló sanra, àwọn tí ara wọn kò tóbi rárá wà nínú wọn.

Àwọn tó kàwé sí i pàápàá kì í tètè rí i lára ènìyàn dúdú. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dán èyí wò nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n fún àwọn oníṣẹ́ ìlera ọpọlọ ní ìtàn ọmọbìnrin kan tí ìjẹun rẹ̀ ti dàrú. Ìtàn kan náà ni gbogbo wọn kà, àwọ̀ ara ọmọ náà nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ pé òyìnbó ni, ìdá 44 nínú 100 àwọn tó kà á ló rí i pé ohun tó ń ṣe nídìí oúnjẹ ní wàhálà nínú. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ pé aláwọ̀ dúdú ni, ó já wálẹ̀ sí 17. Àìsàn ọ̀hún kò sì ṣọ̀wọ́n: ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ìdá 3.5 nínú 100 àwọn obìnrin Amẹ́ríkà àti ìdá 2 nínú 100 àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ló ń ní in nígbà kan láyé wọn. Bí a bá pa anorexia, àìsàn àwọn tó ń fi ebi pa ara wọn, àti bulimia pọ̀, wọn kò tó o.

Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rírí dókítà lórí fóònù fi kan àìsàn yìí ju ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn lọ, ìdí nìyí náà tí kò fi yẹ kí ìjọba Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn ìtọ́jú orí fóònù pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti fi ṣe ibi.

Oògùn kan ṣoṣo ni àjọ FDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí fún àìsàn àjẹkì. Lisdexamfetamine ni oògùn náà, Vyvanse ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń tà á. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń lò ó fún ADHD, ìyẹn àìsàn àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, FDA fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fún àgbàlagbà tí àìsàn àjẹkì rẹ̀ bá ti kọjá kékeré. Nínú ìdánwò ọ̀sẹ̀ 12 tí wọ́n fi gbé e wò, àwọn tí àjẹkì ń mú ní nǹkan bíi ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ bọ́ sí bíi ọjọ́ kan. Àwọn tí wọ́n fún ní kápúsù òfìfo náà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mú wọn ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kékeré kọ́ ni ìyàtọ̀ yẹn fún ẹni tó ń gbé ìdọ̀tí sá kiri kí ọkọ má baà rí i.

Ohun tó wà nínú kápúsù náà kò ṣeé fi ṣeré. Inú ara ni oògùn náà ti ń di amphetamine. Òfin Amẹ́ríkà kó o pọ̀ mọ́ àwọn oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ lójú méjèèjì, ìpele kejì tí morphine náà wà. Ìkìlọ̀ tó le jù lọ tí FDA ń fi sára oògùn wà lára rẹ̀, pé ó lè di bárakú. Ó ń mú kí ọkàn yára, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń gbẹ itọ́ lẹ́nu, ẹni tó bá lò ó lọ́sàn-án lè máa wo àjà ilé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé oògùn náà gbangba pé wọn kò fọwọ́ sí i fún ẹni tó kàn fẹ́ fọn.

Ó yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ èyí náà: nígbà tí Vyvanse gba ìwé àṣẹ yìí tán, Seles jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2015 láti sọ̀rọ̀ nípa àìsàn àjẹkì, ilé iṣẹ́ Shire tó ń ṣe oògùn náà nígbà yẹn ló sì ń sanwó fún un. Ìrora tó sọ kì í ṣe irọ́. Àwọn tó gbọ́ ọ, tí wọ́n wá mọ̀ pé ohun tó ń ṣe wọ́n ní orúkọ, jàǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó fún ọ̀rọ̀ ló ń yan ibi tí ọ̀rọ̀ yóò parí sí, ìdí kápúsù ni èyí sì parí sí. Ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, tó ti wà tipẹ́tipẹ́, kò ní ilé iṣẹ́ tí yóò gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n.

Kí ó tó di pé àrùn Kòrónà dé, kò sí bí ènìyàn ṣe lè gba irú oògùn yìí lọ́wọ́ dókítà tí kò tíì fojú kàn án rí. Òfin kan ló dí i, ó sì ní ìdí tó fi dí i. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ryan Haight, ọmọ ọdún 18 ní ìpínlẹ̀ California, kú ní ọdún 2001 lẹ́yìn tó lo oògùn ìrora tó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dókítà tó kọ oògùn náà kò pàdé rẹ̀ rí. Ní ọdún 2008, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè, pé dókítà gbọ́dọ̀ rí aláìsàn lójúkojú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó lè kọ oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, ilé ìwòsàn tì, ìjọba sì gbé ẹsẹ̀ òfin náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀. Àsìkò Kòrónà kọjá. Nígbà tí àjọ DEA, tó ń ṣọ́ oògùn olóró, fẹ́ dá òfin náà padà ní ọdún 2023, ó lé ní 38,000 èsì tí àwọn ènìyàn kọ ránṣẹ́ sí wọn. DEA rọra fà sẹ́yìn, ó sì ti sún ọjọ́ náà síwájú léraléra láti ìgbà yẹn. Aláìsàn kò mọ̀ bóyá ìwé oògùn tó gbà lọ́dún yìí yóò ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kí ó rí, tí wọ́n bá ṣe é bó ti tọ́? Nọ́ọ̀sì wa ní Houston jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ kò ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dókítà tó yọjú lórí fóònù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ Texas, torí ibi tí aláìsàn jókòó sí ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí dókítà wà. Ó béèrè irú oúnjẹ tó ń jẹ nígbà tí nǹkan náà bá dé, bó ṣe pọ̀ tó, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, àti ohun tó ń rò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè bóyá ó máa ń bì í jáde tàbí ó ń lo oògùn ìyàgbẹ́. Ó béèrè bóyá àìsàn ọkàn wà nínú ìdílé, bóyá ẹnìkan kú lójijì nígbà tí kò tíì dàgbà, bóyá òun fúnra rẹ̀ ti lo oògùn olóró tàbí mutí ní àmujù rí, irú oògùn mìíràn tó ń lò, bóyá ó lóyún. Ó ní kí ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sí apá, kí ó gbé e síwájú fóònù kí òun rí nọ́ńbà rẹ̀. Ó wo àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà bóyá dókítà mìíràn ti ń kọ irú oògùn yìí fún un. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó dárúkọ oògùn.

Tí ó bá kọ ọ́, mìlígíráàmù 30 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ní àárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó tún pè é, ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, bó ṣe ń sùn, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, kí ó tó sún un lọ sí 50. 70 ni òpin. Orí kọ̀ǹpútà ni ìwé oògùn ń gbà dé ilé oògùn tó wà nítòsí ilé, òfin kò sì gbà kí wọ́n tún un bù láìsí ìwé tuntun. Ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti sanwó títí dókítà yóò fi kọ lẹ́tà àlàyé sí wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ń gba àkókò, ó sì yẹ kí ó gbà á.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn kan fẹ́ dín àkókò náà kù. Ilé iṣẹ́ Done, ní California, ń ta ìtọ́jú ADHD lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà fún ẹni tó bá ń san owó oṣooṣù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba mú Ruthia He, ẹni tó dá a sílẹ̀, àti dókítà àgbà ibẹ̀, David Brody. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé ilé iṣẹ́ náà pín ohun tó lé ní mílíọ̀nù 40 hóró Adderall àti irú rẹ̀ káàkiri láìtọ́, tí wọ́n sì fi kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là jọ. Ìjọba ní ilé iṣẹ́ náà kò gba àwọn tó ń kọ oògùn níbẹ̀ láyè láti pẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Cerebral náà, ilé iṣẹ́ mìíràn tó gbilẹ̀ lásìkò Kòrónà, jẹ́wọ́ ní ọdún 2023 pé òun ti fi àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta lé àwọn ilé iṣẹ́ bíi Google àti Facebook lọ́wọ́. Ẹni tí ojú ń tì láti sọ àìsàn rẹ̀ fún ìyàwó ilé rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta ìpolówó.

Àwọn tó fẹ́ kí òfin àtijọ́ padà máa ń na ọwọ́ sí Done. Èyí tí wọn kì í sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn ọ̀gá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, àjọ ìlera CDC kìlọ̀ pé àgbàlagbà tó tó 30,000 sí 50,000 lè pàdánù ìtọ́jú wọn lójijì, pé àwọn mìíràn nínú wọn lè wá oògùn lọ sí ìgboro, níbi tí ayédèrú hóró tí wọ́n po fentanyl mọ́ ti ń pa ènìyàn. Tí a bá ti ilẹ̀kùn kan tì láìṣí òmíràn, àwọn ènìyàn kò ní jókòó sílé.

Ẹ̀bi Done kì í ṣe ẹ̀bi fóònù. Dókítà tó bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lé aláìsàn lọ lè ṣe é nínú ọ́fíìsì tó ní àga aláwọ, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é. Kókó ọ̀rọ̀ yìí ni pé a kì í fi ọwọ́ tẹ ikùn ènìyàn kí a rí àìsàn àjẹkì. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn, ẹ̀rọ X-ray kò lè yà á. Ẹnu aláìsàn nìkan ló lè sọ ọ́, ó sì máa ń rọrùn fún un láti sọ ọ́ nínú ọkọ̀ tó ti gíláàsì rẹ̀ pa ju nínú yàrá tí nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú gbogbo ènìyàn. Ohun tí dókítà pàdánù nítorí kò sí lọ́dọ̀ aláìsàn kò ju ìlù ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ fún ọ̀pọ̀ wọn, ilé oògùn lásán sì ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ní wàhálà, kí dókítà rán an lọ síbi tí wọn yóò ti gbé ẹ̀rọ lé e láyà. Ìyẹn náà ò ju lẹ́tà kan lọ.

Níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti jẹ̀bi, tí wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ, ni pé wọ́n ń ta kápúsù láìta ìyókù. Àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2017 tó tẹ̀lé àwọn tí Vyvanse ti ṣiṣẹ́ fún. Wọ́n ní kí àwọn kan máa bá a lọ, wọ́n sì fún àwọn ìyókù ní òfìfo. Láàárín ọ̀sẹ̀ 26, àìsàn náà padà sára bíi ìdá 4 nínú 100 àwọn tó ń lò ó lọ, ó sì padà sára ìdá 32 àwọn tó gba òfìfo. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wà nínú ara. Bí ó bá kúrò, ohun tó ń ti ènìyàn lọ sídìí fíríìjì wà níbẹ̀ tó ń dúró.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn, àwọn Yorùbá tó wà ní London sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n má baà máa wá ohun tí kò sí. Wọn kò fún Vyvanse ní àṣẹ fún àìsàn àjẹkì níbẹ̀. Àjọ NICE, tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún wọn, sọ ní ọdún 2017 pé ìwé àkàtọ́jú-ara-ẹni ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn, kí olùtọ́jú kan máa bá a sọ̀rọ̀ ní ṣókí lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án láàárín ọ̀sẹ̀ 16, ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀kan. Tí èyí kò bá ràn án, kí ó lọ síbi ìtọ́jú ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tàbí ti ẹni kan ṣoṣo. Wọn kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn nìkan. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ kò ní idán nínú: kí ènìyàn máa kọ gbogbo ohun tó jẹ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó máa jẹun lásìkò, kí ebi má ṣe pa á dé alẹ́, nítorí àwẹ̀ àti fífi ebi pa ara ẹni ló sábà máa ń bí àjẹkì ọjọ́ kejì. Christopher Fairburn ní Oxford ti kọ ọ̀nà yìí sínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni lè rà láti ọdún 1995, Overcoming Binge Eating. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe lórí fóònù. Ilé iṣẹ́ tó bá lè fi fóònù ta amphetamine lè fi fóònù kan náà fúnni ní ìṣẹ́jú 20 yìí, ó sì yẹ kí ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún wọn.

Ewu mìíràn wà tó sún mọ́ ilé. Ní báyìí, abẹ́rẹ́ ìfọn bíi Wegovy ló kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní àwọn ìpínlẹ̀ kan sì rèé, fọ́ọ̀mù nìkan ló ń kọjá láàárín dókítà àti aláìsàn, ẹnikẹ́ni kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù kò lè rí ẹni tó ń purọ́ nítorí ìtìjú. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ wà nídìí ìjẹun á tẹ “rárá” síwájú ìbéèrè tó yẹ kó gbà á là, wọn á sì fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí i. FDA kò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ wọ̀nyí fún àìsàn àjẹkì. Ẹni tó ń bì oúnjẹ jáde tún ní ewu tirẹ̀: bupropion, tó wà nínú oògùn ìfọn Contrave, lè fa gìrì fún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni tó ní bulimia tàbí anorexia kò gbọdọ̀ lò ó.

Àwọn tó wà nílé ńkọ́? Ìbéèrè yìí kò ní pẹ́ dé, torí ẹ̀gbọ́n tó sàn ní Amẹ́ríkà yóò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn náà sàn. Kí ó má ṣe di kápúsù rẹ̀ sínú àpótí wá fún un. Oògùn tó ń di amphetamine kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kó kọjá pápákọ̀ òfuurufú fún ẹlòmíràn, àwọn àjọ NDLEA, tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, kò sì ní béèrè bóyá ìfẹ́ ló mú un dání. Dókítà Texas náà kò ní àṣẹ láti tọ́jú ẹni tó wà ní Ìbàdàn. Àmọ́ ìwé Fairburn lè kọjá, ìwé àkọsílẹ̀ oúnjẹ lè kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n lè máa pe àbúrò lójoojúmọ́ lórí WhatsApp láti bi í ohun tó jẹ láàárọ̀. Nàìjíríà ní òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, èyí tó lé òfin “wèrè” àtijọ́ lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta sì ti ń tọ́jú ènìyàn láti ọdún 1954. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọn yóò rí òun níbẹ̀, kí ó rántí pé àwọn tó ń bá dókítà Arò sọ̀rọ̀ kì í ṣe wèrè, aláìsàn ni wọ́n.

Ohun kan wà tí àwọn Yorùbá òkè òkun lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba kankan. Ọ̀pọ̀ ìjọ àti mọ́sálásí wa ní Amẹ́ríkà àti London ló ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìlera, tí àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ yóò tẹ́ tábìlì, tí wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọn yóò gún ìka wo ṣúgà. Kí wọ́n fi ìbéèrè méjì kún un, níbi tí ẹlòmíràn kò ti ní gbọ́: “Ṣé ẹ máa ń jẹun nígbà mìíràn débi tí ẹ kò fi lè dá ara yín dúró? Ṣé ẹ máa ń fi pamọ́?” Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà dókítà tó ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé, tí wọ́n ti kọ́kọ́ pè láti bi í bóyá ó ní olùtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ́dọ̀, ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń rí aláìsàn nígbà àkọ́kọ́, àti ta ló tún ń rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó ń béèrè náà sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó jókòó níwájú òun jẹ́ nọ́ọ̀sì bíi tòun.